Bàbá Ńlá Wa Àti Ogun Adùbí

Ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ ń gba ẹrù ní èbúté Àpápá, ẹ mọ ojú irin tí ó ti ibẹ̀ lọ sí Abẹ́òkúta. Ṣùgbọ́n mélòó nínú yín ni ó mọ̀ pé ní ọdún 1918, àwọn Ẹ̀gbá hú irin rélùwéè náà kúrò nílẹ̀? Bàbá tí ó bí bàbá bàbá mi wà lára àwọn tí ó hú u. Ogun Adùbí ni a ń pe ìjà náà.

Ìjà náà kò ṣàdédé bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1893, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bá àwọn Ẹ̀gbá ṣe àdéhùn pé wọn yóò máa ṣe àkóso ìlú wọn fúnra wọn. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1914, kété tí ogun Jámánì bẹ̀rẹ̀, ìjọba Lugard sọ àdéhùn náà di òfo. Nígbà tí ó di ọdún 1918, wọ́n gbé owó orí ka àwọn ará oko lórí, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò sì tíì bọ́ lọ́wọ́ iṣẹ́ ipá. Àgbẹ̀ tí ó ti fi ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀ sin ìjọba lọ́fẹ̀ẹ́, tí wọ́n tún ní kí ó mú owó wá, ṣé kò ní bínú?

Ní oṣù kẹfà ọdún náà, ọ̀rọ̀ di ti ìbọn. Wọ́n hú irin, ọkọ̀ ojú irin yẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà, wọ́n sì ba ibùdókọ̀ rélùwéè Wásinmi jẹ́. Àwọn ṣọ́jà tí ìjọba rán sí wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìlà Oòrùn Áfríkà dé ni, níbi tí wọ́n ti bá àwọn Jámánì jà. Kí ni ṣakabùlà àgbẹ̀ lè ṣe níwájú irú àwọn wọ̀nyẹn? Kí oṣù keje tó dé ìdajì, ó ti parí. Nǹkan bí 600 ènìyàn ni wọ́n kà pé ó kú.

Bàbá wa sá wọ igbó. Nígbà tí ó ṣe, ó gba Èkó wá, ó sì di aláàárù ní èbúté Àpápá, lẹ́yìn tí wọ́n ṣí èbúté ńlá náà ní ọdún 1926. Ẹrù tí rélùwéè kó wá láti òkè ni ó ń rù. Irin tí ó hú ni ó padà bọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Nítorí kí wọ́n má baà lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ó pa ẹnu mọ́. Láti ìgbà náà ni ìdílé wa kì í ti í sọ ọ́ níwájú àlejò.

Nísinsìnyí tí a ń kọ ìtàn ìdílé sílẹ̀, ẹnu kò kò. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan ní kí a fò ó, nítorí pé ọlọ̀tẹ̀ kò yẹ ìdílé ọmọlúàbí. Àbúrò bàbá mi kan fẹ́ kí a kọ ọ́ pé bàbá nìkan ni ó dojú ọkọ̀ ojú irin dé. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n n kò gba ti ẹnì kankan nínú wọn. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà; irin rélùwéè kì í ṣe ohun tí ẹnì kan ń dá hú. Bákan náà, wọ́n pa òyìnbó kan ní Wásinmi, wọ́n sì pa Oṣílẹ̀, ọba Òkè-Ọnà, nígbà ìjà náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi bàbá rẹ̀ ṣe akọni gbọ́dọ̀ ka èyí mọ́ ọn.

Ní ti ọ̀rọ̀ ọlọ̀tẹ̀, ẹ jẹ́ kí a wo ilẹ̀ Àpápá fúnra rẹ̀. Ní ọdún 1913, ìjọba gba ilẹ̀ Olóyè Olúwa, Amodu Tijani, níbẹ̀. Kóòtù ni Olúwa gbà lọ. Òun àti Herbert Macaulay wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí London ní ọdún 1920, nígbà tí ó sì di ọdún 1921, àwọn adájọ́ àgbà níbẹ̀ dá a láre pé ilẹ̀ náà jẹ́ ti ará ìlú, kí ìjọba san owó rẹ̀. Títí di òní, a ń fi Olúwa yangàn. Ohun kan náà ni òun àti àwọn ará Wásinmi ń sọ, pé kí a má fi ipá gba tiwọn. Ṣùgbọ́n Olúwa rí lọ́yà, ó sì rí owó ọkọ̀. Àgbẹ̀ inú oko kò rí ọ̀kankan.

Nítorí náà, ẹ̀yin òǹkàwé, bí irú ìtàn bẹ́ẹ̀ bá wà ní ìdílé yín, ẹ bi àwọn àgbà léèrè nígbà tí wọ́n ṣì wà láyé. Ẹ kọ ọdún rẹ̀, ẹ kọ ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀, ẹ sì kọ ohun tí ó fà á. Ẹ má bò ó, ẹ má sì bù mọ́ ọn. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.