Kí Ẹ Tó Sọ Pé Tẹlifíṣọ̀n Ló Bàjẹ́

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí kan ẹni tó ń ra ọjà, ó sì kan ẹni tó ń tà á. Ẹni tó ra tẹlifíṣọ̀n ńlá, tó ra àpótí kékeré tó ń ti orí íntánẹ́ẹ̀tì gbé fíìmù wá, tó sì so gbogbo rẹ̀ mọ́ risífà hóòmù tíátà tó ti ní nílé tẹ́lẹ̀, lè tan iná kí ó rí i pé àwòrán ń ṣe bàìbàì. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn ni pé tẹlifíṣọ̀n náà ni kò dára. Ó di ọ̀dọ̀ ẹni tó tà á fún un, ìjà dé. Bí kò bá sì jà, ó lè wá gba fọ́ọ̀mù owó yíyá kí ó fi ra òmíràn. Owó tí gbogbo wa fi òógùn kó jọ ni à ń wí yìí, èlé sì wà lórí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ó ṣeé ṣe kí ọwọ́ tẹlifíṣọ̀n mọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà.

Risífà tí à ń wí kì í ṣe dikódà o. Ẹ̀rọ tó ń gba àwòrán àti ohùn láti ara àwọn ẹ̀rọ yòókù ni, tó ń pín ohùn fún àwọn sípíkà, tó sì ń ti àwòrán kọjá sí tẹlifíṣọ̀n.

Ìlà-ìlà ni wọ́n to àwòrán orí tẹlifíṣọ̀n. Tẹlifíṣọ̀n ayé ìjọ́sí nílẹ̀ wa ní ìlà 625, 576 nínú wọn ló ń gbé àwòrán. Èyí tí wọ́n ń pè ní Full HD ní ìlà 1080, àmì tín-ín-tìn-tín 1,920 ló sì wà lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Láàárín méjèèjì ni èyí tó ní ìlà 720 wà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta tẹlifíṣọ̀n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa là á yé oníbàárà: èyí tí wọ́n kọ “HD Ready” sí lára kì í ṣe Full HD. Ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n ínṣì 32 tó wà lọ́jà, ìlà 768 péré ni ojú wọn ní. Yóò gba àwòrán 1080 wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n yóò dín in kù kí ó tó gbé e síta.

Ọ̀nà tí àwòrán ń tọ̀ rèé: ó ń ti inú àpótí jáde, ó ń gba inú wáyà dé risífà, ó tún ń gba wáyà mìíràn dé tẹlifíṣọ̀n. Èyí tó bá kéré jù nínú wọn ni yóò pinnu bí àwòrán yóò ṣe rí. Ẹni tó ní táǹkì omi ńlá lókè ilé, tó wá fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ fa omi wọ ilé ìdáná, ṣé yóò máa bá táǹkì jà?

Lójú tiwa, wáyà ẹlẹ́nu mẹ́ta nì, pupa, funfun àti yẹ́lò, ló ń fa bàìbàì yìí jù. Ẹnu yẹ́lò ni ọ̀nà àwòrán, àwòrán ayé àtijọ́ ni wọ́n sì ṣe é fún. Kò lè gbé ìlà 720, ká má tíì sọ ti 1080. Òun ló bá hóòmù tíátà tí ọ̀pọ̀ wa rà nígbà tí DVD lòde wá, ó sì ti mọ́ àwọn ẹnjiníà àdúgbò lára láti máa fi so nǹkan. Ibi tí ẹ bá ti rí ẹnu yẹ́lò lẹ́yìn risífà yín, ẹ má wá ìdí mìíràn lọ. Ẹlẹ́nu mẹ́ta mìíràn wà tí ó jẹ́ pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù. Ìyẹn lè gbé HD, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àpótí tuntun kò ní ihò rẹ̀ mọ́.

Wáyà tí iṣẹ́ yìí ń béèrè ni HDMI, ẹlẹ́nu pẹlẹbẹ, tó ń gbé àwòrán àti ohùn pọ̀. Ọdún 2002 ni wọ́n gbé ètò rẹ̀ jáde. Bí wọ́n bá kọ “High Speed” sí i lára, tí kì í ṣe ayédèrú, ó tó. Èyí tí wọ́n fi góòlù kun lẹ́nu, tí owó rẹ̀ wá ga fíofío, kò ní mú àwòrán mọ́ jù ú lọ, nítorí nọ́ńbà ni HDMI ń gbé: bó bá dé, ó dé, bí kò bá dé, ẹ ó rí i tí àwòrán ń já tàbí tí ojú tẹlifíṣọ̀n ń ṣókùnkùn. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta olówó ńlá yẹn, ẹ má bínú sí wa. Gígùn wáyà ló yẹ ká ṣọ́. Bó bá ti kọjá nǹkan bíi mítà 10, wàhálà lè dé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti takókó nìyí. Àwọn tó ni fíìmù kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dà á kọ lọ́fẹ̀ẹ́, ni wọ́n bá fi kọ́kọ́rọ́ sí i, HDCP lorúkọ rẹ̀. Kí àpótí tó tú àwòrán sílẹ̀, yóò bi ẹ̀rọ tó wà níwájú rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ àṣírí, bí ọlọ́dẹ ọjà ṣe ń bi ẹni tó ń bọ̀ lóru. Risífà gbọ́dọ̀ dáhùn, tẹlifíṣọ̀n náà gbọ́dọ̀ dáhùn. Ọ̀rọ̀ àṣírí tuntun tí fíìmù 4K ń béèrè ni HDCP 2.2. Ọdún 2013 ló jáde, risífà tí wọ́n ṣe ṣáájú ìgbà náà kò sì gbọ́ ọ rí. Bí àpótí 4K bá pàdé irú risífà bẹ́ẹ̀, ó lè já àwòrán wálẹ̀ sí 1080, ó lè já a ju bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà mìíràn ẹ kò tilẹ̀ ní rí nǹkan kan. Yàtọ̀ sí èyí, àpótí tún máa ń béèrè pé ìlà mélòó ni ẹ lè gbé, risífà ló sì máa ń gba ẹnu tẹlifíṣọ̀n dáhùn. Bó bá ṣi ìdáhùn sọ, àpótí yóò fún wọn ní 720 tàbí 480, kò ní bá wọn jiyàn.

Àyẹ̀wò rẹ̀ kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ tú wáyà àpótí kúrò lára risífà, kí ẹ so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n tààrà. Ẹ tẹ “Info” lórí rìmóòtù. Ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n yóò kọ iye ìlà tó ń wọlé sójú. Bó bá jẹ́ 480 ló ń kọ tẹ́lẹ̀, tó wá kọ 1080 báyìí, ọwọ́ ti ba olè. Ẹ so risífà padà, ẹ wọ inú sẹ́tíńgì àpótí níbi tí wọ́n kọ “Resolution” sí, ẹ kúrò lórí “Auto”, kí ẹ yan 1080p fúnra yín. Ọ̀pọ̀ risífà HDMI tí kò mọ 4K rárá ló ń gba 1080 láìjanpata.

Bó bá ṣì kọ̀, ẹ fi àpótí sílẹ̀ lára tẹlifíṣọ̀n, kí ẹ kàn dá ohùn padà sí risífà. Bí wọ́n bá kọ “ARC” sí ihò HDMI tẹlifíṣọ̀n àti ti risífà, wáyà HDMI kan láàárín àwọn méjèèjì ti tó. Bí kò bá sí, wáyà oníná tí wọ́n ń pè ní optical yóò gbé ohùn dé ibẹ̀. Sípíkà yóò máa dún, àwòrán kò sì ní gba ọ̀dọ̀ risífà kọjá mọ́. Àwa fara mọ́ ọ̀nà yìí ju kí ẹnikẹ́ni torí fíìmù tọrùn bọ gbèsè.

Ti iná wa náà tún wà níbẹ̀. Bó bá lọ, tó sì dé lójijì, gbogbo ẹ̀rọ á jí pọ̀, wọ́n á máa kí ara wọn ní ìkíkúkìí, àwòrán á sì kọ̀. Ẹ pa gbogbo rẹ̀. Ẹ tan tẹlifíṣọ̀n ṣáájú, lẹ́yìn náà risífà, kí àpótí ṣe ìkẹyìn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta àpótí, pé wọ́n kọ “4K” gàdàgbà sí ara páálí kò tó. Netflix kì í gbé HD sórí àpótí tí kò bá fọwọ́ sí, bó ti wù kí ẹ̀rọ inú rẹ̀ lágbára tó. Ẹ dán an wò kí ẹ tó kó o wálé. Ti Apple TV tòkunbọ̀ sì tún wà: èyí tó jáde ní 2010 àti èyí tó jáde ní 2012 jọra bí ìbejì, dúdú kékeré ni àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ìlà 720 ni ti àkọ́kọ́, 1080 ni ti èkejì. Nọ́ńbà abẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ wò: A1378 ni ti 2010, A1427 ni ti 2012. Netflix sì ti kúrò lórí àwọn méjèèjì láti 2024, nítorí náà kí ẹni tó bá fẹ́ rà á mọ̀ dájú ohun tó fẹ́ fi ṣe.

Dátà ńkọ́? Netflix ní kí íntánẹ́ẹ̀tì tó mẹ́gábíìtì 5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan kí Full HD tó lè wọlé dáadáa. Wákàtí kan HD lè jẹ tó GB 3. Fíìmù wákàtí méjì, GB 6 nìyẹn.

Ẹni tó bá fẹ́ ra risífà tòkunbọ̀, kí ó béèrè ọdún tí wọ́n ṣe é, kí ó sì yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò kí ó tó kì í bọ iná. Èyí tó ti Lọ́ńdọ̀n wá kò ní ìjà, iná wọn àti tiwa bára mu. Ọ̀pọ̀ èyí tó ti Amẹ́ríkà wá, fólítì 120 ni wọ́n ṣe é fún, iná tiwa sì tó 230 sí 240. Ìṣẹ́jú kan ti tó láti jó o. Bí ẹ bá rí 120V nìkan lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ní láti ra ẹ̀rọ tó ń bu iná kù, èyí tí àwọn ẹnjiníà ń pè ní stẹ́pùdáùn, kí wáàtì tirẹ̀ sì ju wáàtì tí risífà ń jẹ lọ. Ẹ ka owó ìyẹn mọ́ iye tí ẹ ó kọ sínú fọ́ọ̀mù.