Kí Olùyẹ̀wò Iná Mànàmáná Tó Wọlé

Ní àwọn agbo ilé àtijọ́ ìlú Àkrà, pàápàá ní Accra New Town, àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Lagos Town tẹ́lẹ̀ rí, kì í ṣe ohun àjèjì kí ìdílé mẹ́fà tàbí méje máa lo iná láti ara mítà kan ṣoṣo. Onílé ni ó kọ́kọ́ fa wáyà wọ yàrá méjì. Ọmọ rẹ̀ fà á dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ayálégbé kan tún fà á gba ojú fèrèsé lọ sí ìsọ̀ tí ìyàwó rẹ̀ ti ń ta omi tútù. Nígbà tí ó bá pẹ́, kò ní sí ẹni tí ó lè sọ ibi tí wáyà kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀ tàbí ibi tí ó parí sí.

Bí irú ilé bẹ́ẹ̀ bá gbọ́ pé olùyẹ̀wò iná ń bọ̀, ohun tí ó kọ́kọ́ ń wá sọ́kàn àwọn ará ibẹ̀ ni pé kí wọ́n fi nǹkan pamọ́. Wọ́n á gbé àpótí aṣọ dí ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ó ti jóná, wọ́n á sì fi ọ̀dà kun ògiri tí èéfín ti sọ di dúdú. Ìbẹ̀rù wọn kì í ṣe lásán. Òfin ilé yíyá ti Gánà, èyí tí wọ́n ṣe ní 1963, kò gba onílé láyè láti béèrè ju owó oṣù mẹ́fà lọ ṣáájú, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ayálégbé ni ó ń san ti ọdún kan tàbí méjì. Ẹni tí ó ti san irú owó bẹ́ẹ̀ kò fẹ́ kí wọ́n gé iná ilé, kò sì fẹ́ kí onílé di owó àtúnṣe lé òun lórí. Ṣùgbọ́n a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi àpótí dí yẹn gan-an ni ó lè mú aṣọ inú àpótí náà gbiná lóru.

Ní 2011 ni Gánà ṣe ìlànà fífa wáyà sínú ilé, tí nọ́ńbà rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jọ ọdún, jẹ́ L.I. 2008. Àjọ tí ń bójú tó ọ̀ràn agbára, Energy Commission, ni ó ń fún àwọn tí ń fa wáyà ní ìwé àṣẹ, òun náà ni ó sì ń fún àwọn tí ń yẹ̀ ẹ́ wò ní tiwọn. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí ó tọ́ sí onílé ni láti béèrè káàdì ẹni tí ó kanlẹ̀kùn. Olùyẹ̀wò tòótọ́ kì í bínú sí ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Kí ọjọ́ tó pé, ó yẹ kí wọ́n kó ẹrù kúrò níwájú mítà àti àpótí fíúsì, kí ọwọ́ lè tó wọn. Kọ́kọ́rọ́ gbogbo yàrá gbọ́dọ̀ wà nílé, nítorí yàrá kan tí ó wà ní títì lè sọ iṣẹ́ ọjọ́ náà di asán. Kí wọ́n yọ pọ́lọ́ọ̀gì tẹlifíṣọ̀n, fíríìjì àti gbogbo irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ìdí ni pé olùyẹ̀wò yóò pa iná, yóò sì fi ẹ̀rọ rẹ̀ rán agbára 500 fóltì gba inú wáyà láti mọ̀ bóyá ara wáyà ti jẹrà. Iná ilé ní Gánà kò ju 230 fóltì lọ, èyí kò sì bá ẹ̀rọ tí wọ́n gbàgbé sínú sọ́kẹ́ẹ̀tì lára mu. Obìnrin tí ó ní ẹja nínú fíríìsà yẹ kí ó gbọ́ nípa ọjọ́ náà ṣáájú àwọn yòókù.

Wáyà ilẹ̀ tún ń kọ́? Irin rẹ̀ sábà máa ń wà lẹ́yìn ilé. Nígbà mìíràn wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì bò ó, nígbà mìíràn olè ti gé wáyà bàbà rẹ̀ lọ tà. Bí kò bá sí mọ́, iná tí ó bá já sára fíríìjì yóò dúró de ọwọ́ ẹni tí yóò kọ́kọ́ kàn án, ọwọ́ ọmọdé sì ni ó sábà ń jẹ́. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí ń já iná nígbà tí ìdá 30 péré nínú 1,000 áḿpìà bá ṣìnà. Ó ní bọ́tìnnì tí wọ́n kọ T sí. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ tí iná kò já, kí wọ́n sọ fún olùyẹ̀wò.

Kí wọ́n má ṣe ṣe àtúnṣe ìkánjú. Wáyà tí wọ́n lọ́ pọ̀ tí wọ́n sì fi ọ̀rá wé ní àṣálẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú burú ju èyí tí ó hàn sójú lọ, nítorí ibi tí wáyà bá ti so pọ̀ tí kò dì dáadáa ni ó ń gbóná. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ó bá ti jóná, kí wọ́n pa iná rẹ̀ láti orísun, kí wọ́n sì fi í sílẹ̀ bí ó ti rí.

Ohun kan wà tí ojú olùyẹ̀wò kò lè rí, àfi bí wọ́n bá sọ ọ́ fún un: bí àwọn ará ilé ṣe ń lo iná. Sọ́kẹ́ẹ̀tì 13 áḿpìà kò lè gbé ju nǹkan bíi 2,990 wáàtì lọ. Bí áyọ́ọ̀nù 1,200 àti ìkòkò omi gbígbóná 2,000 bá wà lórí wáyà alásopọ̀ kan náà, ó ti kọjá agbára rẹ̀. Ní àkókò dumsor, láti bíi 2012 sí 2016, iná ń lọ ó ń bọ̀ láìròtẹ́lẹ̀. Áyọ́ọ̀nù tí wọ́n fi sílẹ̀ lórí ibùsùn nígbà tí iná lọ yóò gbóná fúnra rẹ̀ nígbà tí iná bá dé, bí kò tilẹ̀ sí ẹnìkan nílé.

Lẹ́yìn àyẹ̀wò, ìwé àṣeyọrí lè jáde, tàbí ìwé àwọn ohun tí ó kù láti tún ṣe. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó ń ná ni lówó púpọ̀: irin ilẹ̀ tuntun àti sọ́kẹ́ẹ̀tì méjì kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà gbogbo ilé. Kí onílé àti àwọn ayálégbé jọ ka ìwé náà ní ọjọ́ tí ó bá dé, kí wọ́n sì fohùn ṣọ̀kan lórí ẹni tí yóò san èwo, kí olùyẹ̀wò náà tó padà wá.