Afàyàfà tàbí Ìbátan Afọ́mọlọ́mú? Ọ̀rọ̀-ìperí àti Àwòrán Àwọn Ẹranko Àtijọ́

Bí olùkọ́ kan ní Arákalẹ̀, ní ìlú Àkúrẹ́, bá fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ nípa àwọn ẹranko tó ti gbé ayé kí erin àti ẹkùn tó dé, àwòrán inú ìwé nìkan ni yóò gbójú lé. Kò sí egungun irú ẹranko bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn lè wú nínú ilẹ̀ Àkúrẹ́ tàbí ti ìlú Òǹdó. Àwọn àpáta agbègbè náà, títí dé òkè Ìdànrè, ti wà tipẹ́ kí àwọn ẹranko náà tó dáyé. Ooru abẹ́ ilẹ̀ ló sì mọ wọ́n, egungun kì í gbé inú irú òkúta bẹ́ẹ̀. Agbárí ènìyàn tí Thurstan Shaw àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ wú jáde ní 1965 ní Ihò Eléérú, tí kò jìnnà sí Àkúrẹ́, kò tíì pé 20,000 ọdún. Ọmọ àná ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹranko tó ti kú láti nǹkan bí 250 mílíọ̀nù ọdún.

Àwòrán tí kò ní orúkọ lábẹ́ kò lè kọ́ ọmọdé ní nǹkan kan. Láti ìgbà tí iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ti Yunifásítì Ifẹ̀, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1970, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa sì darí, ti fi hàn pé ó ṣeé ṣe láti fi èdè Yorùbá kọ́ sáyẹ́ǹsì ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kò sí àwáwí mọ́ fún ẹni tó bá fi orúkọ òyìnbó lásán sábẹ́ àwòrán. Ṣùgbọ́n orúkọ wo ni kí ó fi síbẹ̀?

Fún ìgbà pípẹ́ ni àwọn onímọ̀ ń pe àwọn ẹranko wọ̀nyí ní orúkọ kan tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ ‘afàyàfà tó jọ afọ́mọlọ́mú’. Ìtumọ̀ náà dùn létí, àmọ́ ó léwu. Ní èdè òyìnbó, ọ̀rọ̀ tó dúró fún ‘afàyàfà’ ti di orúkọ lásán, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò rántí ohun tó túmọ̀ sí. Nínú èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀ náà ṣì ń sọ̀rọ̀. Ẹni tí wọ́n bá ní kí ó ya afàyàfà yóò ya ẹranko tó na ẹsẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, tó ń wọ́ àyà nílẹ̀ bí ọ̀nì. Egungun itan àti ìbàdí púpọ̀ nínú àwọn ẹranko náà sì fi hàn pé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn wọn ti ń dúró sábẹ́ ara. Orúkọ ti ba àwòrán jẹ́ kí ayàwòrán tó mú gègé. Bákan náà ni ‘afọ́mọlọ́mú’ ń jẹ́rìí sí ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí, nítorí ọmú kì í di òkúta.

Àṣìṣe orúkọ yìí kì í ṣe ti Yorùbá nìkan. Ní 1838, Andrew Geddes Bain, ẹni tó ń la títì ní Gúúsù Áfíríkà, rí agbárí kan tó ní eyín gígùn méjì péré. Ní 1845, Richard Owen sọ irú ẹranko náà ní Dicynodon, èyí tí í ṣe ‘eléyín-ajá méjì’. Orúkọ yìí dára, ohun tó wà nínú egungun ló sọ. Ṣùgbọ́n Lystrosaurus, ìbátan rẹ̀, ‘aláńgbá onísọ́bìrì’ ni wọ́n pè é, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe aláńgbá rárá.

Lystrosaurus yìí tó ẹ̀rí. Nítorí bí ihò imú rẹ̀ ṣe wà lókè, àwọn ayàwòrán àtijọ́ yà á sínú odò bí erinmi. Lẹ́yìn náà ni àwọn onímọ̀ tún ẹ̀gbọ́n apá rẹ̀ yẹ̀ wò, wọ́n rí i pé apá agbẹ́lẹ̀ ni, bíi ti òkété. Ẹranko kan náà, egungun kan náà, àwòrán méjì tí kò bára mu. Ti awọ ara rẹ̀ ńkọ́? Àwọn kan ya irun sí i, àwọn mìíràn ya ìpẹ́. Ní 1968, P. K. Chudinov ti kọ nípa awọ Estemmenosuchus láti ilẹ̀ Rọ́ṣíà, ó ní ó dán, kò ní irun, kò ní ìpẹ́. Ní 2022 ni Roger Smith àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá ṣe àpèjúwe Lystrosaurus tí ọ̀dá pa ní Gúúsù Áfíríkà, tí awọ rẹ̀ gbẹ mọ́ egungun. Awọ náà ní kòtò wẹ́wẹ́, irun kò sí lára rẹ̀.

Kì í ṣe pé irun kò sí nínú ìdílé náà rárá. Ní 2016 ni wọ́n kéde ohun tó jọ irun nínú ìgbẹ́ àtijọ́ tó ti di òkúta ní Rọ́ṣíà, ṣùgbọ́n irun tó dájú, tí ó hàn gedegbe lára egungun, ti Castorocauda ni, tí wọ́n rí ní ilẹ̀ Ṣáínà, tí wọ́n sì kéde ní 2006. Èyí sì kéré sí Lystrosaurus ní ọjọ́ orí pẹ̀lú nǹkan bí 90 mílíọ̀nù ọdún. Àwọn tó máa ń ya irun ẹnu bíi ti ológbò sí Thrinaxodon gbójú lé àwọn ihò wẹ́wẹ́ tó wà ní egungun imú rẹ̀. Aláńgbá ńlá kan wà ní Gúúsù Amẹ́ríkà tó ní irú ihò bẹ́ẹ̀, kò sì ní irun kan ṣoṣo. Ọmọ Yorùbá tó mọ akika kò ní yà á lẹ́nu: ìpẹ́ bò ó látorí dé ìrù, síbẹ̀ ó ń fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú. Bí ó bá sì jẹ́ agbárí erin nìkan ló kù láyé, ta ni ìbá gbójúgbóyà ya ọwọ́jà sí i?

Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ọ̀rọ̀-ìperí dúró lórí egungun. Ihò kan ṣoṣo ló wà ní ẹ̀bátí agbárí àwọn ẹranko wọ̀nyí, lẹ́yìn ojú, ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ti aláńgbá, ọ̀nì àti ejò, láti ìdílé oníhò méjì ni wọ́n ti wá. ‘Oníhò-ẹ̀bátí-kan’ àti ‘oníhò-ẹ̀bátí-méjì’ gùn díẹ̀ lẹ́nu, àmọ́ ọmọdé lè fi ìka kan ihò náà nínú àwòrán. Fún ìwé àwọn tí kò ní ìmọ̀ púpọ̀, ‘ìbátan àtijọ́ afọ́mọlọ́mú’ tọ́. ‘Aṣáájú afọ́mọlọ́mú’, tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọkàn, kò tọ́: ìdílé Lystrosaurus kú tán láìfi ọmọ kan sílẹ̀, bàbá-ìyá ẹnikẹ́ni kọ́.

Ó tún yẹ kí ìyàtọ̀ wà láàárín iṣẹ́ méjì tí òyìnbó fi ọ̀rọ̀ kan pè. ‘Àtúntò egungun’ ni kíkó egungun jọ sí ipò rẹ̀, a sì lè yẹ̀ ẹ́ wò. ‘Ìfẹranbò’ ni fífi ẹran, awọ àti àwọ̀ bò ó, ìrònú ayàwòrán ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ìwé tó bá kọ èyí tó jẹ́ ti àkọ́kọ́ àti èyí tó jẹ́ ti ìkejì sábẹ́ àwòrán kò ní tan akẹ́kọ̀ọ́ jẹ.

Ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, Nìjẹ̀ ni àpẹẹrẹ tó súnmọ́ Àkúrẹ́ jù. Ní 2008 ni àwọn onímọ̀ kéde àjákù egungun ẹranko apẹran kan nínú ìdílé yìí, láti inú òkúta Moradi ní àríwá ilẹ̀ náà. Àjákù lásán ni. Àwòrán yòówù tí ayàwòrán bá yà fún un lódindi, lára àwọn ìbátan rẹ̀ ní Gúúsù Áfíríkà ni yóò ti yá ìrísí rẹ̀.