Ohun Tí Kò Sí Lára Ẹ̀jẹ̀ Wa

Ẹ fa àpótí yín súnmọ́ iná, ọyẹ́ ti wọ Ṣakí. Ìwọ àbúrò wọn, gbé ẹsẹ̀ yẹn sórí itan mi kí n fi òrí pa á. Ẹ wo ibi tí ẹ̀gún ti gún un lóko láàárọ̀: ó ti wú, ó pọ́n, ó sì ń gbóná. Ẹ rò pé ẹ̀gún ló mú un wú? Rárá o. Ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń mú un wú.

Ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, èyí ló yà mí lẹ́nu jù. Bí ẹ̀gún bá wọlé, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wà níbẹ̀ á rán oníṣẹ́ jáde, purotéènì kéékèèké tí ojú lásán kò rí. Ohun kan wà lára ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń gba oníṣẹ́ wọ̀nyí, tó ń gbé wọn kọjá sínú iṣan. Sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń bá ẹ̀jẹ̀ lọ á pàdé wọn níbẹ̀, á rọra dúró, á lẹ̀ mọ́ ògiri, á fún ara rẹ̀ gba inú ògiri jáde lọ síbi ẹ̀gún, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé kòkòrò mì. Omi tó ń tẹ̀lé e jáde wà lára ohun tó mú ẹsẹ̀ yìí wú.

Duffy ni wọ́n ń pe ohun tó ń gba oníṣẹ́ yẹn. Orúkọ aláìsàn kan ni, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í tètè dá, tí wọ́n ti ipasẹ̀ rẹ̀ mọ ohun náà ní London ní 1950. Lára òyìnbó, Duffy tún wà lára sẹ́ẹ̀lì pupa. Ibẹ̀ ló ti ń kó àwọn oníṣẹ́ tó ṣáko sínú ẹ̀jẹ̀ mọ́ra, kí ìpè wọn má baà gba gbogbo ara. Ní 1993 ni àwọn onímọ̀ fi hàn pé òun gan-an ló ń di àwọn oníṣẹ́ náà mú.

Ẹ wá gbọ́ ìyanu. Lára sẹ́ẹ̀lì pupa tiwa, kò sí i! Ògiri iṣan wa ní in, sẹ́ẹ̀lì pupa kò ní. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló yí padà nínú àkọsílẹ̀ ohun tí a jogún, èyí tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì wa. Àwọn Yorùbá kan fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ní Ìbàdàn fún iṣẹ́ HapMap, ìwádìí nípa ohun tí ènìyàn ń jogún, tí àbájáde rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 2005. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wọn ló ní lẹ́tà tó yí padà náà. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wá.

Ibà ni wọ́n fura sí pé ó fa èyí. Irú kan wà tó ń jẹ́ vivax, Duffy ló máa ń dì mú kó tó wọ sẹ́ẹ̀lì pupa. Onímọ̀ kan, Louis Miller, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 1976 pé ẹni tí kò ní Duffy, ibà yìí kò rí i gbé ṣe. Ààbò náà kò pé, nítorí ní 2010 wọ́n rí vivax lára irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní Madagascar. Falciparum, irú ibà tó ń dá wa wólẹ̀ níhìn-ín, ọ̀nà mìíràn ló ń gbà, nítorí náà, ẹ máa sùn sábẹ́ àwọ̀n.

Ibi tó ń dùn mí nìyí. Lẹ́tà yìí kan náà ló ń mú kí irú sẹ́ẹ̀lì funfun tó máa ń kọ́kọ́ dé ojú ọgbẹ́ kéré nínú ẹ̀jẹ̀ wa, wọ́n rí i dájú ní 2009. Mùdùnmúdùn egungun wa ń pèsè wọn dáadáa, ara wa sì le. Ṣùgbọ́n iye ti òyìnbó ni wọ́n sábà fi ń wọn gbogbo ayé. Clozapine, oògùn àìsàn ọpọlọ, lè pa sẹ́ẹ̀lì yìí lára àwọn kan, nítorí náà, wọ́n máa ń kà á kí wọ́n tó fúnni. Ẹni tí nǹkan kan kò ṣe sẹ́ẹ̀lì rẹ̀, wọ́n lè ní ó kéré, kí wọ́n fi oògùn tó lè mú orí rẹ̀ pé dù ú. Ní 2015 ni Amẹ́ríkà gbà pé kí irú wa bẹ̀rẹ̀ láti 1,000 nínú máíkírólítà ẹ̀jẹ̀ kan, dípò 1,500 tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ àwọn yòókù.

Bí ẹ bá dé òkè òkun, tí dókítà bá ní sẹ́ẹ̀lì funfun yín kéré, ẹ fi pẹ̀lẹ́ bi í bóyá ó ti yẹ Duffy yín wò.