Fífọ̀, Pípa Kù àti Pípa Run: Ìtọ́jú Irinṣẹ́ Iṣẹ́-Abẹ ní Ilé Ìwòsàn

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò yìí lè jọ ohun tí kò kan ẹni tí kì í ṣe dókítà tàbí nọ́ọ̀sì. Èdè Yorùbá ni iṣẹ́ tèmi náà. N kò fi abẹ kan ara ẹnikẹ́ni rí. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó mọ ọjọ́ tí a óò tẹ́ òun tàbí ọmọ òun sórí tábìlì iṣẹ́-abẹ. Àlùmọ́gàjí àti ẹ̀mú tí a óò lò fún un lọ́jọ́ náà, a ti lò wọ́n fún ẹlòmíràn ṣáájú rẹ̀. Kí ni ó dúró láàrin ẹ̀jẹ̀ ẹni àná àti ara ẹni òní? Ìbéèrè tí a fẹ́ dáhùn nìyẹn.

Ìgbájọ ni n óò ti mú ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tí ó bá ka ìtàn ilẹ̀ wa mọ̀ pé láàrin Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé ni a ti ja ogun Kírìjí. Ogun náà bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877, àwọn ọmọ ogun kò sì tú ká pátápátá títí di 1893. Ìhà Ìgbájọ ni àwọn Ìbàdàn pa bùdó sí. Ìhà Ìmẹ̀sí-Ilé ni ti àwọn Èkìtìparapọ̀. Ní àkókò náà gan-an ni ìmọ̀ ìtọ́jú egbò ń yí padà lókè òkun. Ní 1867, ọdún mẹ́wàá ṣáájú ogun náà, dókítà oníṣẹ́-abẹ kan tí ń jẹ́ Joseph Lister, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Glasgow, kọ̀wé nípa bí òun ṣe fi oògùn kábọ́líìkì tọ́jú egbò kí ó má baà kẹ̀. Ní 1879, nígbà tí ìbọn ń dún lórí òkè wọ̀nyẹn, ará Faransé kan, Charles Chamberland, tí ó ń bá Louis Pasteur ṣiṣẹ́, ṣe ìkòkò kan tí a lè há ooru omi híhó mọ́ inú rẹ̀. Òun ni a ń pè ní ọ́tókíléèfù. Àwọn tí ọta ìbọn bà ní Kírìjí kò rí àǹfààní ìmọ̀ yìí lò. Àwa rí i. Nítorí náà, kò sí àwáwí fún wa.

Bẹ́ẹ̀ ni, kí ìmọ̀ wà láyé kò ní kí ó wà lọ́wọ́ ẹni tí ń ṣe iṣẹ́. Ní 1976, ní Yambuku ní ilẹ̀ Kóńgò tí a ń pè ní Zaire nígbà náà, síríńjì márùn-ún péré ni wọ́n ń kó fún àwọn nọ́ọ̀sì lóòjọ́ ní ilé ìwòsàn kan tí èrò rẹ̀ pọ̀ púpọ̀. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni wọ́n fi ń ṣan abẹ́rẹ́ kí wọ́n tó fi gún ẹlòmíràn. Àrùn Ẹ̀bólà gba ibẹ̀ wọlé: ènìyàn 318 ni ó mú, 280 sì kú. Ẹ má ṣe sọ pé ọ̀nà jìn. Ní 1989, ibà Lassa wọ ilé ìwòsàn méjì ní Ìpínlẹ̀ Ímò níhìn-ín ní Nàìjíríà. Ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní 1995 fi hàn pé ènìyàn 34 ni ó kó o, tí 22 sì kú. Àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì wà lára àwọn tí ó kó o. Ohun tí àwọn olùwádìí nàka sí ni síríńjì kan náà tí a ń lò fún ọ̀pọ̀ aláìsàn. Lónìí, síríńjì àlòsọnù ti gba ipò ti àtijọ́. Ṣùgbọ́n àlùmọ́gàjí, ẹ̀mú àti ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ iṣẹ́-abẹ kì í ṣe àlòsọnù. Àtúnlò ni wọ́n.

Àwọn àgbà a máa wí pé ìmọ́tótó borí àrùn mọ́lẹ̀ bí ọyẹ́ ti ń borí ooru. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ yìí, ìpele mẹ́ta ni ìmọ́tótó ní, ó sì yẹ kí a fi ọ̀rọ̀ yà wọ́n sọ́tọ̀. Èkíní ni fífọ̀: kí a mú ẹ̀jẹ̀, ọ̀rá àti ìdọ̀tí kúrò lára irinṣẹ́. Èkejì ni pípa kù: kí a fi oògùn tàbí omi híhó pa púpọ̀ nínú kòkòrò àìfojúrí, kí ó ku àwọn tí agídí wọn pọ̀. Ẹ̀kẹta ni pípa run: kí ó má ku ẹyọ kan. Ní 1968, Earle Spaulding, ará Amẹ́ríkà, fi ìlànà kan lélẹ̀ tí a ṣì ń tẹ̀ lé. Ohun tí ó kan awọ ara tí kò bó nìkan, bí ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ríru, fífọ̀ a máa tó o, tàbí pípa kù díẹ̀. Ohun tí ó kan inú ẹnu tàbí inú ọ̀fun ń fẹ́ pípa kù tí ó jinlẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wọ inú ẹran ara tàbí ẹ̀jẹ̀, pípa run ni tirẹ̀ dandan.

Nígbà kan, mo bá ìyá àgbàlagbà kan pàdé ní ilé ìwòsàn kékeré kan lágbègbè Ìgbájọ. Òun ni ó ń tọ́jú irinṣẹ́. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá. Kí ni ẹ ń ṣe sí wọn?" Wọ́n ní, "Mò ń pa kòkòrò ara wọn ni, ọmọ mi." Mo wo inú ọpọ́n oògùn náà, mo rí i pé ẹ̀jẹ̀ ṣì gbẹ mọ́ oríkèé àlùmọ́gàjí kan. Ìyá náà kì í ṣe ọ̀lẹ. Wọ́n ti sọ fún wọn pé kí wọ́n rẹ irinṣẹ́ sínú oògùn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ láìyẹ̀. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún wọn ni ìdí tí fífọ̀ fi gbọ́dọ̀ ṣáájú.

Kí ni ìdí náà? Kòkòrò tí ń jẹ obì, inú obì ní í wà. Abẹ́ ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ ni kòkòrò àìfojúrí ń sá pamọ́ sí, oògùn kò sì ní í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ẹ̀jẹ̀ a máa sọ oògùn kílórìnì di aláìlágbára. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni a fi ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ pé kí wọ́n kọ́kọ́ rẹ irinṣẹ́ sínú kílórìnì kí wọ́n tó fọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n nínú ìwé ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2016, wọ́n ní kí a má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́: ó ń ba irin jẹ́.

Omi gbígbóná kọ́ ni a fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá da omi gbígbóná sórí àwo tí ẹyin tútù ta sí mọ̀ pé ńṣe ni ẹyin náà yóò lẹ̀ pẹ́típẹ́tí. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ rí. Omi tútù ni a fi ń ṣan irinṣẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tó gbẹ. Lẹ́yìn náà ni a óò fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́. A óò ya gbogbo oríkèé sílẹ̀, a óò sì fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́ lábẹ́ omi kí ó má baà ta sí wa lójú. Ẹni tí ń fọ̀ ọ́ gbọ́dọ̀ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí ó nípọn. Lẹ́yìn èyí, a óò ṣàn án, a óò nù ún gbẹ, a óò sì yẹ̀ ẹ́ wò lójú ìmọ́lẹ̀.

Ìgbà yìí ni ó tó kan pípa run. Bí ó ti wù kí iná pọ̀ tó lábẹ́ ìkòkò tí kò ní ìdérí líle, omi kì í gbóná kọjá nǹkan bí òṣùwọ̀n 100 Sẹ́lṣíọ́ọ̀sì. Kòkòrò tẹ́tánọ́ọ̀sì, tí ń mú kí àgbọ̀n ènìyàn gan, lè fi èèpo líle bo ara rẹ̀ bí èkùrọ́, kí ó sì la omi híhó já. Ṣùgbọ́n bí a bá há ooru mọ́ inú ọ́tókíléèfù, yóò gbóná dé 121. Bí ó bá wà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, tàbí 30 bí a bá fi aṣọ di irinṣẹ́ náà, iṣẹ́ parí. Ìgbà tí ó bá dé òṣùwọ̀n náà ni a ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú, kì í ṣe ìgbà tí a dáná. A gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ooru omi kọ́kọ́ lé afẹ́fẹ́ jáde, nítorí ibi tí afẹ́fẹ́ bá kù sí, ooru kò ní í tó níbẹ̀. A kò gbọ́dọ̀ kó ẹrù kún un ní àkúnjù. Bí ìdì irinṣẹ́ bá sì jáde ní tútù, a óò tún un ṣe, nítorí aṣọ tútù ń fa kòkòrò wọlé. Téèpù tí ó ń yí àwọ̀ padà kò jẹ́rìí ju pé ooru kan ìdì náà lọ. Kò lè sọ fún wa bóyá ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́, ibi tí ọ̀rọ̀ wá kan àwa oní-èdè nìyí. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń kọ ìlànà sára ògiri ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ibi, ẹni tí ń fọ abẹ, Yorùbá ni ó gbọ́ yéké. Bí a bá sọ fún un pé "pa kòkòrò", pípa kù ni tàbí pípa run? Bí a kò bá là á yé e, a kò lẹ́tọ̀ọ́ láti dá a lẹ́bi. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wa tí ń lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lè sọ ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ní èdè abínibí wọn láìṣì í: fọ̀ ọ́ kí o tó pa á, má ṣe fi pípa kù rọ́pò pípa run. Ìyá tí mo bá pàdé lọ́jọ́ náà gbọ́ àlàyé yìí, wọ́n mú àlùmọ́gàjí náà jáde nínú oògùn, wọ́n sì béèrè pé, "Búrọ́ọ̀ṣì wo ni n óò wá fi fọ̀ ọ́?" Kò sí búrọ́ọ̀ṣì níbẹ̀. Ó yẹ kí gbogbo wa bá wọn béèrè ìbéèrè náà ní ilé ìwòsàn tí ó wà nítòsí wa.