Ẹ Má Fojú Kéré Àwọn Fíìmù Àkọ́kọ́ Sembène

Ẹ̀yin òǹkàwé wa ní Nangbéto, ẹ mọ bí ayé ṣe rí fún ẹni tí ń fi alùpùpù gbé èrò: ó jí ní kùtùkùtù, ó gbé èrò títí di alẹ́, iye tí yóò mú wálé kò sì dá a lójú. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni Ousmane Sembène, ọmọ ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gàl, fi ṣe Borom Sarret ní ọdún 1963.

Bí a bá dárúkọ Sembène lónìí, Moolaadé tí ó ṣe ní 2004 ni ọ̀pọ̀ ń rántí. Borom Sarret kò tó ìdajì wákàtí, nítorí náà ni a ṣe ń fò ó dá. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò kéré.

Ọkùnrin kan ń fi kẹ̀kẹ́ tí ẹṣin ń fà ṣiṣẹ́ ní ìlú Dakar. Onírárà kan ki àwọn baba ńlá rẹ̀. Orí rẹ̀ wú, ó sì kó owó tí ó ti rí fún un. Ó gbé bàbá kan tí ó gbé òkú ọmọ rẹ̀ dání dé itẹ́ òkú, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kí bàbá náà wọlé, nítorí pé ìwé rẹ̀ kò pé. Níkẹyìn, ọkùnrin kan tí ó múra dáadáa tàn án dé àdúgbò àwọn olówó, níbi tí irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ dé. Ọlọ́pàá gba kẹ̀kẹ́ náà. Èrò rẹ̀ sì lọ láìsanwó. Nígbà tí ó délé lọ́wọ́ òfo, ìyàwó rẹ̀ gbé ọmọ lé e lọ́wọ́, ó ní àwọn yóò jẹun lálẹ́ náà, ó sì jáde. Fíìmù náà kò sọ ibi tí ó lọ.

Sembène ti ṣiṣẹ́ ní èbúté Marseille kí ó tó di òǹkọ̀wé. Ó rí i pé ọ̀pọ̀ àwọn tí òun ń kọ̀wé nípa wọn kò lè ka ìwé òun. Nígbà tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ẹni ogójì ọdún, ó lọ kọ́ iṣẹ́ fíìmù ní Moscow.

Ní 1966, ó gbé La Noire de... jáde. Ọmọbìnrin Sẹ̀nẹ̀gàl kan lọ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ ní ilẹ̀ Faransé. Kò mọ̀wé. Nígbà tí lẹ́tà ìyá rẹ̀ dé, ọ̀gá rẹ̀ ọkùnrin ni ó kà á, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èsì fún un, ọ̀rọ̀ tí kò ti ẹnu rẹ̀ jáde. Ọmọbìnrin náà fa lẹ́tà ya.

Èdè Faransé ni a gbọ́ nínú fíìmù méjèèjì. Ní 1968 ni Sembène ṣe Mandabi ní èdè Wolof, kí àwọn ènìyàn rẹ̀ lè gbọ́ ọ̀rọ̀ ara wọn. Ṣùgbọ́n inú àwọn iṣẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ yìí ni ìjà náà ti bẹ̀rẹ̀: kí tálákà má ṣe fi ẹnu ẹlòmíràn sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi ọwọ́ ara yín kọ lẹ́tà, ẹ mọ ìdí rẹ̀.