Ẹ̀rọ Tó Kọ́ Dráfù àti Ẹni Tó Fẹ́ Yáwó

Láti ìgbà tí àbá ti wáyé nínú ìpàdé pé kí ẹgbẹ́ ra ètò kọ̀ǹpútà tí yóò máa sọ ẹni tó yẹ kí a yá lówó, kí a sì jáwọ́ nínú ọ̀rọ̀ onídùúró méjì, ìbéèrè kan náà ni ẹ ń bi wá ní ọ́fíìsì. Àwọn tó ń ta ètò náà ní ọgbọ́n àtọwọ́dá ló wà nínú rẹ̀. Kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀? Ta ló kọ́ ẹ̀rọ lọ́gbọ́n? Nígbà tó jẹ́ pé ìpàdé gbogbogbòò ni yóò dìbò lórí rẹ̀, tí owó tí a fẹ́ fi lé e lọ́wọ́ sì jẹ́ òógùn gbogbo wa, a ní kí a tọ ọ̀rọ̀ náà dé ìdí rẹ̀.

Orúkọ yẹn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ní 1955 ni John McCarthy, Marvin Minsky, Nathaniel Rochester àti Claude Shannon kọ̀wé béèrè owó ní Amẹ́ríkà, pé kí èèyàn mẹ́wàá jókòó fún oṣù méjì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Dartmouth, kí wọ́n wádìí bí ẹ̀rọ ṣe lè máa lo èdè, kó máa yanjú ìṣòro, kó sì máa tún ara rẹ̀ ṣe. Inú ìwé yẹn ni orúkọ náà ti jáde, wọ́n sì pé jọ lóòótọ́ ní 1956. Oṣù méjì! Ẹni tó bá ti kọ ìwé ètò ìnáwó rí yóò mọ irú ìlérí bẹ́ẹ̀. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún dáadáa báyìí, iṣẹ́ náà kò tíì parí.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kàn wá jù ni Arthur Samuel, òṣìṣẹ́ IBM, tó kọ́ ẹ̀rọ ní dráfù.

Dráfù kì í ṣe àjèjì ní Èbúté Mẹ́ta. Ẹni tó bá gba ọ̀nà Lókò kọjá lọ́jọ́ Sátidé, tàbí tó dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ lápá Oyingbo, yóò gbọ́ bí wọ́n ṣe ń la ọmọ mọ́ pákó, tí àwọn tó ń wòran sì gbọ́n ju àwọn tó ń ta lọ. Pákó olójú ọgọ́rùn-ún la sábà ń lò níhìn-ín. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ ojú 64, ọmọ méjìlá sì ni olúkúlùkù ní. Ọgbọ́n inú rẹ̀ kò yàtọ̀: bí mo bá gbé èyí, kí ni ọ̀rẹ́ mi máa gbé?

Ẹ̀rọ lè ro èyí, ó sì ń rò ó kíákíá, àmọ́ kò sí ẹ̀rọ ìgbà náà tó lè rò ó dé òpin eré. Bó bá wo iwájú díẹ̀, ó gbọ́dọ̀ dúró, kó wo pákó, kó sì sọ pé ibí dára fún mi tàbí kò dára. Báwo ló ṣe máa mọ̀? Samuel ní kó máa fún un ní máàkì. Ó to ohun 38 jọ tí ọ̀ta máa ń wò: ta ló di àárín pákó mú, ta ni ìlà ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì dí, ta ló ṣì ní àyè láti rìn. Mẹ́rìndínlógún nínú wọn ni ẹ̀rọ ń lò lẹ́ẹ̀kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìwọ̀n tirẹ̀. Èyí tí kò bá wúlò á bọ́ síta, òmíràn á wọlé.

Ta ló wá ń pinnu ìwọ̀n? Ibí ni iṣẹ́ ọkùnrin yìí ti dùn mọ́ wa. Ó sọ ẹ̀rọ di òṣèré méjì, ó pe ọ̀kan ní Alpha, èkejì ní Beta, ó ní kí wọ́n máa bá ara wọn ta. Alpha ń yí ìwọ̀n rẹ̀ padà bí eré ti ń lọ, Beta kò yí tirẹ̀. Bí Alpha bá borí, Beta á gba ìwọ̀n tuntun náà, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Nínú ìwé tí Samuel gbé jáde ní 1959, ó ní wákàtí mẹ́jọ sí mẹ́wàá tó kí ẹ̀rọ fi mọ dráfù ta ju ẹni tó kọ ètò fún un lọ. Ọmọọṣẹ́ lọ́dọ̀ tiwa ń lo ọdún mẹ́ta kó tó ṣe fíríìdọ́ọ̀mù!

Ariwo pọ̀. Ní 1956 wọ́n gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n. Ní 1962 ó na Robert Nealey, afọ́jú kan tó mọ dráfù ta dáadáa, àwọn oníwèé ìròyìn sì sọ ọ́ di ńlá. Ohun tí ariwo bò mọ́lẹ̀ ni pé nígbà tí wọ́n tún pàdé fún eré mẹ́fà lọ́dún tó tẹ̀lé e, Nealey gba ọ̀kan, wọ́n ta ọ̀mì ní márùn-ún. Ní 1966 ó bá àwọn ọ̀ta gidi jókòó, Walter Hellman àti Derek Oldbury. Kò gba ẹyọ kan lọ́wọ́ wọn.

Àwọn tó dé lẹ́yìn Samuel ló parí iṣẹ́ náà, kò sì yọ ayò baba wa sílẹ̀. Ní 2002, John Romein àti Henri Bal ní Amsterdam so ọpọlọ ẹ̀rọ 144 pọ̀, wọ́n sì yẹ gbogbo ipò tí ọmọ 48 lè wà nínú ihò méjìlá Awari wò, eré tó jẹ́ ìbátan ayò ọlọ́pọ́n. Ipò náà jẹ́ 889,063,398,406. Ìdáhùn tí wọ́n rí ni pé bí ọ̀ta méjì kò bá ṣìṣe rárá, ọ̀mì ni. Nítòsí wa níbí, ní 2009, Akinyemi, Adebiyi àti Longe, láti Yunifásítì Covenant ní Ọ̀tà àti Yunifásítì Èkó ní Akọka, gbé ìwádìí jáde lórí kíkọ́ ẹ̀rọ ní ayò.

Ó dáa, kí ló kan owó wa? Ètò tí wọ́n fẹ́ tà fún wa, ọmọ Samuel ni. A ti ka ìwé tí wọ́n fún wa. Máàkì náà ni. Oṣù mélòó lẹ ti fi owó pamọ́ láì já? Èèlòó ló wà nínú ìwé yín? Ṣé ẹ san gbèsè ìṣáájú lásìkò? Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tirẹ̀, ìwé àkọsílẹ̀ wa àtijọ́ ni ẹ̀rọ á sì fi kọ́ ìwọ̀n ọ̀hún. A kò rí idán kankan nínú rẹ̀, a kò sì rí ẹ̀tàn.

Àmọ́ pákó dráfù kò fi nǹkan kan pa mọ́, ọpọ́n ayò náà kò fi pa mọ́. Gbogbo ọmọ ló wà níta gbangba lójú ẹni méjèèjì. Ìwé ìfowópamọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣí tiyín sí oṣù kẹrin 2020. Láti ọjọ́ 30 oṣù kẹta ọdún náà ni wọ́n ti Èkó pa nítorí kòrónà, títí di ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún. Fún ọ̀pọ̀ nínú wa, ojú ewé yẹn ṣófo. Onídùúró tó bá rí àyè tó ṣófo náà mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láì béèrè. Ẹ̀rọ á kà á sí pé ẹ já.

Ọ̀kan tún wà tó le ju èyí lọ. Nígbà tí Alpha bá pàdánù, ó mọ̀ pé òun pàdánù, ibẹ̀ ló ti ń kọ́gbọ́n. Bí ẹ̀rọ bá yá ẹni tí kò san padà, òun náà á rí àṣìṣe rẹ̀. Ẹni tó kọ̀ láti yá ńkọ́? Ìyá tó ì bá san án pé pérépéré, tí a lé padà sílé, kò sí ìwé kankan tí yóò fi hàn pé a ṣì í lò. Bí ẹ̀rọ bá ta irú eré yẹn fún ogún ọdún, kò ní gbọ́n sí i lápá ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ síra wa náà. Ọ̀rọ̀ onídùúró ní àbùkù tirẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé àdúgbò, opó tí kò ní ẹbí nítòsí, irú wọn ń wá onídùúró títí, ọwọ́ wọn kì í bà á, nígbà tí ẹlòmíràn rí mẹ́rin nítorí pé ó mọ èèyàn nínú ìgbìmọ̀. Ẹ̀rọ kò mọ àna ẹnikẹ́ni. A kò lè fi ìyẹn ṣeré.

Òfin náà ti sọ̀rọ̀. Àwọn áàpù owó yíyá tó ń fi orúkọ onígbèsè ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó wà nínú fóònù rẹ̀ ló mú kí àjọ FCCPC gbé ìlànà jáde ní 2022. Òfin ààbò dátà ti Nàìjíríà, ti 2023, wá sọ ní abala 37 pé èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti má ṣe wà lábẹ́ ìpinnu ńlá tí ẹ̀rọ nìkan dá ṣe lórí rẹ̀. Àyè wà tí òfin ti gbà á, bí irú pé ẹni náà fọwọ́ sí i, síbẹ̀ ó ṣì lè ní kí èèyàn ẹlẹ́ran ara tún un wò, kó sì tako ó.

Nítorí náà, èyí ni ìgbìmọ̀ fẹ́ gbé síwájú yín. Kí ẹ̀rọ máa ṣírò, kó sì máa to ìwé lẹ́sẹẹsẹ. Ẹni tí máàkì rẹ̀ bá pé, kí a má dà á láàmú mọ́ pẹ̀lú onídùúró méjì, kí ọ̀kan tó. Ẹni tí máàkì rẹ̀ kò bá pé, kí ìwé rẹ̀ wá síwájú èèyàn, kí òun fúnra rẹ̀ sì wá sọ tẹnu rẹ̀. Lọ́dọọdún, kí a yọ owó díẹ̀ sọ́tọ̀, iye tí ìpàdé bá fọwọ́ sí, kí a fi yá lára àwọn tí ẹ̀rọ ì bá kọ̀, kí a lè rí bí wọ́n ṣe san án. Ìwé àbá náà wà ní ọ́fíìsì wa ní gbogbo ọjọ́ iṣẹ́. Ẹ wá kà á kí ọjọ́ ìbò tó pé, ẹni tí kò bá sì lè kà á, a ó kà á sí i létí.